Mẹ́sàn-án fún Ẹyọ Kan

Mẹ́sàn-án ni àwọn aago tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Bàbá Aláago, gbogbo wọn ló sì ń lu agogo. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń tún aago ṣe níbẹ̀, méjì nínú wọn kò bá ara wọn rìn rí. Ọ̀kan á ní kẹ́, èkejì á ní kọ́, ẹ̀kẹta á ṣì máa ronú. Bí aago ṣe ń ṣe nìyẹn. Aláago tó bá ní àwọn aago òun ń rìn bí ọmọ ogun, irọ́ ló ń pa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́tí.

Ìró kan ṣoṣo ló gbọ́. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń mí pọ̀.

Kò pariwo, kò sì sá. Ó mọ ohun tó gbé kọ́ ẹ̀yìn aago àárín lánàá.

*

Àìsàn ọ̀nà ọ̀fun ló mú un. Dókítà ti fi iná wo inú ọ̀fun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti sọ fún un láì fi bọpo bọyọ̀ pé ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn yóò gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò. Yóò yè. Kò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní kí dókítà gé e o jàre, ta ló fẹ́ mọ ìyàtọ̀. Bàbá Aláago rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wọlé padà, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, kò sì tú aago kankan lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹ́kù tó fẹ́ sọ, ẹnì kan ló sì fẹ́ sọ ọ́ fún. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti bínú jáde nílé láti ọdún mẹ́jọ, ní ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Ọmọ náà bi í ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ náà: ṣé ìyá òun béèrè òun kó tó kú? Bàbá Aláago dorí kọ aago tó wà níwájú rẹ̀. Kò fèsì. Ọmọ náà dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó gbé aago kékeré ìyá rẹ̀ sábẹ́ apá, ó sì lọ.

Àbúrò Bàbá Aláago obìnrin nìkan ni ọmọ náà ṣì ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ti búra fún un pé bó bá fún bàbá òun ní nọ́ńbà òun, tàbí tó bá jíṣẹ́ kankan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun kò ní gbé ìpè rẹ̀ mọ́ láé. Àbúrò náà pa ẹnu mọ́ fún ọdún mẹ́jọ. Ọjọ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀fun yìí ni gbólóhùn kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀, pé ọmọ yẹn kì í kúrò ní Ojúde Aago lórí fóònù. Orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀, òun kò mọ̀.

Ojúde Aago ni ibi tí àwọn tó fẹ́ràn aago ti ń pàdé láti gbogbo ayé. Ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn ni wọ́n. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n ń béèrè, wọ́n ń dáhùn, wọ́n ń fi aago yangàn, wọ́n ń bú ara wọn nígbà mìíràn.

Onígbàjámọ̀ bá a gbé fóònù sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá Aláago bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò. Á tú aago, á fọ̀ ọ́, á tò ó padà. Ní ìparí, á gbójú sókè: "Ọmọ mi, bó o bá ń gbọ́, pè mí. Mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀." Á wá ka nọ́ńbà rẹ̀. Ó gbé àkọ́kọ́ lọ sí Ojúde. Kò lo ìṣẹ́jú kan níbẹ̀ tí wọ́n fi yọ ọ́. Ó gbé e padà. Wọ́n tún yọ ọ́.

Ẹni tó ń yọ ọ́ ń jẹ́ Oníbodè. Òun ló ń ṣọ́ ẹnubodè Ojúde. Ó kọ̀wé sí i pé: "Bàbá, a kì í polówó ara ẹni níbí. Mẹ́sàn-án fún ẹyọ kan ni òfin wa. Ẹ dáhùn ìbéèrè ẹni mẹ́sàn-án kí ẹ tó gbé fídíò yín kan kalẹ̀."

Bàbá Aláago ka ìwé náà, ó kọ háà. Ohùn tó kù nínú òun kò tó nǹkan. Òun kò ní í fi ṣòfò lórí àjèjì. Ó tún gbé fídíò lọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Oníbodè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọgbọ̀n ọjọ́.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù sí Ọjọ́bọ̀.

Ó mọ̀ pé fídíò kì í kú. Ọmọ náà lè rí i lẹ́yìn ọdún kan. Ṣùgbọ́n bó bá rí i nígbà náà, tó sì pè, kí ni òun yóò fi dá a lóhùn?

Onígbàjámọ̀ wo ojú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pa abẹ iná tó ń lò, ó sún mọ́ ọn, ó sì júwe ilé kan fún un lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta bátìrì.

*

Ìyá Wáyà ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé tẹlifóònù fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, láyé ìgbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ló ń fi wáyà so ohùn pọ̀ mọ́ ohùn. Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó wáyà lọ sílé. Aṣọ dúdú wà lójú fèrèsé. Àwọn fóònù àtijọ́ tí kò ní okùn rọ̀ sára ògiri bí àdán. Oòrùn ń jó níta. Inú yàrá tutù.

Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ǹtì. Ó bi í léèrè ohun tó ń wá. Bàbá Aláago ní òun fẹ́ kí ẹnubodè ṣí, kí fídíò òun dé iwájú gbogbo ojú tó wà nínú Ojúde.

"Agogo mélòó ló ń dún lọ́dọ̀ rẹ?"

"Mẹ́sàn-án, Ìyá."

"Kọ orúkọ mẹ́sàn-án wá. Àwọn tó béèrè nǹkan níbẹ̀ tí o gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Má mú ẹni tí o mọ̀."

"Kí ni yóò ṣe wọ́n?"

"Ṣé o mọ̀ wọ́n ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá kàn ọ́?"

Ó jáde sórí àtẹ̀gùn, ó ṣí fóònù rẹ̀. Ó lè ka Ojúde. Sísọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìkan ni wọ́n fi dù ú. Ìbéèrè pọ̀ níbẹ̀ bí ewé. Kò ka ọ̀kankan tán. Orúkọ ló ń mú, bí ẹni ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́. Ọmọ Káfíńtà. Atàdúgbò. Eléyín Kan. Ó kọ wọ́n sẹ́yìn páálí tí wọ́n fi ń di ọwọ́ aago. Ẹ̀kẹsàn-án ń jẹ́ Kò-Tíì-Dún. Àwòrán kékeré kan wà lábẹ́ ìbéèrè rẹ̀. Bàbá Aláago kò ṣí i.

Ìyá Wáyà ká páálí náà, ó fi wáyà bàbà wé e. Ó bu nǹkan kan láti inú agolo tó ń rùn bí irin tí òjò pa. Ó fi í ra páálí náà, ó gbé e sún mọ́ ẹnu, kò sì gbé ohùn sókè.

"Agogo kì í dún kí etí ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.
Àrá kì í sán kí ọmọdé má bojú wòkè.
Ẹni tó béèrè tí a kò dá lóhùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀.
Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni mo gbà wọlé."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Ó ní kó gbé e kọ́ ẹ̀yìn aago àárín. Nígbà tí Bàbá Aláago béèrè ohun tí yóò gbà, ó ní òun kì í gba owó. Ohun tí òun ń gbà, ẹni tó ni ín kì í mọ̀ àfìgbà tó bá fẹ́ lò ó.

*

Ohun tó mú kí àwọn aago máa mí pọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn.

Ó gbé fídíò rẹ̀ lọ sí Ojúde. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn fún ọgbọ̀n ọjọ́ ṣí fún un bí ẹni pé kò sí kọ́kọ́rọ́ rí. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Wákàtí kan kọjá. Fídíò dúró. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti wò ó.

Ní ọ̀sán gangan, àwọn aago lu agogo lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́jọ ló dún. Èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn gbé òòlù rẹ̀, ó lu agogo rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjìlá, ìró kankan kò jáde. Bàbá Aláago sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tú u. Òòlù dára. Agogo dára. Ó fi èékánná lù ú fúnra rẹ̀. Ó dà bí ẹni ń lu ìrọ̀rí.

Ní Ọjọ́rú, ọ̀sán gangan, méje ló dún. Ní Ọjọ́bọ̀, mẹ́fà.

Fídíò ń lọ bí iná ọ̀gbẹlẹ̀. Ó di ọ̀kẹ́ kan, ó di ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ó kọjá ẹnubodè Ojúde lọ síbi tí kò mọ̀. Fóònù ń dún láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin kan fẹ́ mọ iye tí aago bàbá ńlá òun lè tà. Obìnrin kan fẹ́ mọ bóyá ó ti níyàwó. Kò sí èyí tó jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó ń fi fóònù sáyà sùn. Ohùn rẹ̀ ń já bí okùn tó ti gbó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó bá eérú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á, láti òpó dé òpó. Ó gbá a kúrò. Nígbà tó fi ìgbálẹ̀ lélẹ̀ tó sì yíjú padà, ó tún wà níbẹ̀.

Lọ́sàn-án, mẹ́ta péré ló dún. Ó ṣí fóònù rẹ̀ láti wo Ojúde. Ìkìlọ̀ kan ni wọ́n gbé sókè pátápátá. Ẹni mẹ́fà nínú àwọn ará Ojúde ni ohùn ti dá lẹ́nu wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ní ọ̀sán gangan, láìsí ìrora, láìsí àìsàn. Ìyàwó Ọmọ Káfíńtà ló bá ọkọ rẹ̀ kọ̀wé: pákó já lé ọmọ-iṣẹ́ lórí, ọkọ òun rí i, ó lanu láti pè é, kò sí ohun tó jáde. Ọmọ náà wà nílé ìwòsàn.

Bàbá Aláago ka orúkọ wọn tẹ̀lé ara wọn. Ó mọ èyí tó kàn kó tó kà á. Bó ṣe kọ wọ́n sórí páálí ni wọ́n ṣe ń lọ.

*

Ó dé ilé Ìyá Wáyà lọ́jọ́ Ajé, bí ọ̀sán ṣe yẹ̀ díẹ̀. Kó tó kanlẹ̀kùn ló gbọ́ orin nínú ilé. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó jinlẹ̀, ó dùn. Ó rò pé ó lálejò.

Kò lálejò. Òun nìkan ló jókòó, ó ń mu omi gbígbóná. Ara rẹ̀ dán. Ó ní, "Káàbọ̀, Aláago," ohùn ọmọdé ló sì fi sọ ọ́.

Bàbá Aláago di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ dá a dúró, Ìyá."

"Ó kù méjì." Ohùn obìnrin kan tó fẹ́ràn ẹ̀rín ló fi sọ èyí. "Ṣé ohun tí o bẹ̀ mí kọ́ ni mo ṣe? Ẹnubodè ṣí. Ojú dé."

"Ẹni tí mò ń wá kò dé."

Obìnrin náà gbé ife kalẹ̀. Ó tẹ ọrùn sápá kan, bí ẹni ń yẹ àpótí aṣọ wò láti mọ èyí tí òun yóò wọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ gan-an, ohùn àga lórí sìmẹ́ǹtì, ló fi sọ ọ́.

"Bóyá ó dé. Bóyá ìwọ ni o kò mọ̀ ọ́n."

Bàbá Aláago sáré. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Kò sáré láti ogún ọdún. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn aago àárín láti já nǹkan náà dànù. Kò já. Wáyà bàbà ti wọ inú ògiri bí gbòǹgbò. Nígbà tó fi ẹ̀mú fà á, aago mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dákẹ́, ọ̀fun rẹ̀ sì dì bí ẹni pé ọwọ́ kan wà níbẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

*

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí ẹ̀kẹjọ ti dákẹ́, nọ́ńbà tí kò mọ̀ pè é. Bí ó ṣe gbé e, àwọn aago falẹ̀, bí ajá tó gbọ́ ẹsẹ̀ olówó rẹ̀.

"Oníbodè ni, Bàbá."

Ó ti rò ó pé ọ̀dọ́ aláfojúdi kan ni. Ohùn àgbàlagbà ni, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

"Eérú ẹnu ọ̀nà yín, èmi ni mo fà á, kí nǹkan yẹn má bàa tú sí àdúgbò. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ti fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Apá mi ti ń gbọ̀n. Ẹ̀kẹjọ tún bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nísinsìnyí."

Bàbá Aláago yíjú wo ìlà eérú tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Fídíò yín dára o," ni Oníbodè wí. "Ọwọ́ yín mọ́. Ìwà yín ni kò mọ́. Ẹ rò pé ìgbéraga ló mú wa ṣe òfin yẹn? Ẹnì kan ti ṣe irú èyí rí kí ẹ tó dé. Òfin yẹn ni oògùn rẹ̀."

Ó wá sọ ohun tó kù fún un. Kó dáhùn àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, àwọn tí ohùn wọn ti lọ àti ẹni tó kù. Kì í ṣe pẹ̀lú ìwé kíkọ. Ohùn ni wọ́n mú, ohùn ni yóò dá a padà. Kó ṣe é tán kí ọ̀sán ọ̀la tó kàn. Ohun kan ni kó sì mọ̀: ohùn tó bá lọ sínú ìdáhùn kò ní padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mo ṣì ní ohùn títí di Ọjọ́bọ̀," ni Bàbá Aláago wí.

"Tẹ́ ẹ bá dáhùn, ẹ kò ní í ní i di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la." Oníbodè mí kanlẹ̀. "Ilẹ̀kùn ṣí fún yín. N kò lè bá yín yàn."

Bàbá Aláago gbé fóònù kalẹ̀. Ó jókòó títí òjìji fi kọjá lórí tábìlì. Wọ́n kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ rẹ̀ lè pè lọ́la, òun yóò sì ní ohùn tí yóò fi sọ ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́jọ. Ó rò ó. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó rò ó dáadáa.

Ṣùgbọ́n orí ọmọ-iṣẹ́ káfíńtà kò kúrò lójú rẹ̀.

*

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó gbé fóònù sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó ka ìbéèrè Ọmọ Káfíńtà fún ìgbà àkọ́kọ́. Aago rẹ̀ ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ lọ́sẹ̀. Ìbéèrè ọmọdé. Ó sọ fún un pé kó yí nọ́ọ̀tì kékeré tó wà nísàlẹ̀ irin tó ń fì, díẹ̀díẹ̀, sápá ọ̀tún, kó sì fi ọjọ́ kan wò ó kó tó tún yí i. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn án. Ó rán an lọ.

Aago tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn dún lẹ́ẹ̀kan, ní àsìkò tí kò yẹ kó dún. Nǹkan kan fà já nínú ọ̀fun Bàbá Aláago, bí òwú tí wọ́n fà yọ lára aṣọ.

Ó bọ́ sí èkejì. Ó bọ́ sí ẹ̀kẹta. Ohun kan yà á lẹ́nu: ó ń gbádùn rẹ̀. Eléyín Kan fẹ́ mọ bí òun ṣe lè fọ aago tí òun bá nínú ilé tó jóná. Ẹlòmíràn ra aago fún ìyá rẹ̀, ìyá sì ní kò dún bí ti àtijọ́. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti dúró láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ẹ̀kẹjọ, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. Ó wo ògiri. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ló kù kí ọ̀sán kàn.

Fóònù dún.

"Bàbá mi," ni ohùn náà wí. "Èmi ni."

Bàbá Aláago fi ọwọ́ di tábìlì mú. Ohùn ọmọ rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́jọ kò yí i padà.

"Mo ti gbọ́ fídíò yín. Mo ti dárí jì yín. Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, Bàbá. Ọ̀fun ń dùn yín. Ẹ lọ sinmi. Ẹ fi ohùn yín pa mọ́, màá wá lọ́la, a óò jọ sọ̀rọ̀."

Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà. Ó fẹ́ gbà á gbọ́ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Ó dúró kó béèrè nǹkan. Ohùn náà kò béèrè. Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò parí gbólóhùn mẹ́ta rí láìsí ìbéèrè nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa pè é ní Adájọ́. Ohùn náà sì ní àlàfo díẹ̀ létí, bí aṣọ tí ẹnì kan ń dán wò tí kò tíì di tirẹ̀.

Ó pa fóònù. Níbo ni Ìyá Wáyà ti rí ohùn yìí dán wò?

Ẹyọ orúkọ kan ló kù.

Ó ṣí ìbéèrè Kò-Tíì-Dún. Ọdún mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀. "Aago ìyá mi nìyí. Ó ń rìn, kì í lu agogo. Mi ò jẹ́ kí aláago kankan fọwọ́ kàn án, nítorí ẹni tó ṣe é kẹ́yìn. Kí ló ń mú kí aago tí kò bàjẹ́ dákẹ́?"

Ó ṣí àwòrán náà. Inú ìdérí aago ni. Gbogbo aláago ló máa ń fi abẹ́rẹ́ họ àmì tirẹ̀ síbẹ̀ nígbà tó bá tún aago ṣe, àti ọjọ́ tó tún un ṣe. Ìlà méjì àti àmì róbótó kékeré kan. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń họ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kí ìyàwó rẹ̀ tó kú.

Òun ló kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sórí páálí. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ìṣẹ́jú méje ló kù.

Ó jókòó síwájú fóònù. Ó lanu, kò sí nǹkan. Ó mu omi. Ó tún lanu. Ohun tó jáde dà bí ewé gbígbẹ lórí sìmẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni.

"Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lójú òòlù rẹ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ìyá rẹ kò rí oorun sùn, ìró rẹ̀ ń jí i. Yọ ọ́, yóò dún."

Ó dúró. Ó lè fi í mọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè aago ló béèrè, ìdáhùn aago ló fún un. Ṣùgbọ́n ó mọ ìbéèrè tó wà lábẹ́ ìbéèrè.

"Ó béèrè rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè rẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní kí n pè ọ́. Mo ní kó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ kò mọ́ bá a. Ẹ̀bi mi ni. Ojú tì mí láti sọ ọ́."

Èyí tó gbẹ̀yìn kò ní ìró nínú mọ́. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Ọ̀sán kàn.

Ọ̀kan nínú àwọn aago dún. Òmíràn tẹ̀ lé e, kò bá a mu. Ẹ̀kẹta pẹ́. Wọ́n ń kọ lu ara wọn, wọ́n ń já ara wọn, bí ará ilé tó ń bá ara wọn jiyàn. Ó fi ìka kà wọ́n. Mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn aago àárín, nǹkan kan já bọ́ sílẹ̀, kò wúwo ju ewé lọ. Nígbà tó wẹ̀yìn, ìlà eérú ti lọ lẹ́nu ọ̀nà.

*

Onígbàjámọ̀ wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Ó ní ẹnì kan sọ fún òun pé Ìyá Wáyà wà lójú títì lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta bátìrì, ó ń la ẹnu sí gbogbo ẹni tó ń kọjá, ó ń fọwọ́ tọ́ka sí ọ̀fun. Àwọn ọmọdé rò pé eré ló ń ṣe. Ó dúró kí Bàbá Aláago sọ nǹkan. Nígbà tí kò sọ, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì jáde lọ jẹ́ẹ́.

Nígbà tí aago mẹ́rin ku díẹ̀, fóònù dún.

Bàbá Aláago gbé e. Ó lanu. Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́, bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ jáde. Lápá ọ̀hún náà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ń mí.

Lẹ́yìn náà agogo kan lù. Tín-ín-rín ni ìró rẹ̀, ó mọ́ bí omi. Ọdún mẹ́jọ ni kò ti gbọ́ ọ. Ó lù lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Mo ti ń wo fídíò yín láti ọjọ́ tó ti dúró ní Ojúde," ni ohùn náà wí. Ó há díẹ̀. "Mò ń dúró de ìdáhùn ni. Bàbá, ṣé ẹ wà ńbẹ̀? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Aago kan tó ti tú sílẹ̀ wà lórí tábìlì, agogo rẹ̀ ṣí síta. Bàbá Aláago mú irin kékeré tó fi ń tú aago, ó fi lù ú lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ náà sunkún. Ìbéèrè ọdún mẹ́jọ ló kó jọ, kò sì mọ èyí tí yóò fi ṣáájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bó ṣe ń béèrè ni bàbá rẹ̀ ń lu agogo náà.